Ìbọn ẹlẹ́nu méjì: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí dé ẹnu

Ní Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń gbé kì í ṣe tuntun. Bàbá ló fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí kí ọdẹ tí ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì tà á fún àbúrò rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi kan ẹni tó ń gbé e báyìí, ó ti lè jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ìbọn bàbá mi ni èmi náà ń gbé. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tú u, tí mo sì ń tò ó padà, lórí ẹní lẹ́yìnkùlé wa lójú ọ̀nà Ìdànrè. Inú bí mi nígbà náà, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni. Lónìí, bí mo bá nawọ́ sí i nínú òkùnkùn biribiri, ìka mi mọ ibi gbogbo lára rẹ̀, mo sì mọ ìdí tí ẹni tó ṣe é fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń yẹ irú ìbọn yìí wò, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀kan wá bá mi, ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí kàtíríìjì kankan, ìyẹn ọta àti ẹ̀tù tí wọ́n dì sínú páálí, má sì sí nítòsí. Ẹ kó gbogbo wọn lọ sí yàrá mìíràn.

Ìwé ṣáájú

Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú, èyí tí ènìyàn lè ní bí ọlọ́pàá bá fún un ní láísẹ́ńsì, àti èyí tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ìyẹn dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì, wà. Nítorí náà, ìwé ṣakabùlà kò lè dúró fún dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì. Láísẹ́ńsì tó jẹ́ orúkọ bàbá kì í sì í di ti ọmọ nítorí pé bàbá ti lọ. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ béèrè ohun tí ẹ ó ṣe, kí ẹ tó gbé e kúrò nínú ilé. Òfin yẹn kan náà kò gbà kí wọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní láísẹ́ńsì, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣí i

Ìbọn tí wọ́n pa dé, ìbọn tó ní ọta nínú ni. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, wọn kò sì gba àwíjàre kankan. Ẹni tó bá fẹ́ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ yóò ṣí i, yóò jẹ́ kí onítọ̀hún rí ihò méjèèjì pé òfìfo ni wọ́n, kó tó nawọ́. Bí àgbàlagbà bá na ìbọn pípadé sí yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn bó ti yẹ, kí ẹ wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣí i." Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Ọdẹ gidi yóò bọ̀wọ̀ fún yín sí i.

Lókè ọrùn ìbọn, níbi tí igi ti pàdé irin, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kan tó dà bí ahọ́n. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún la fi ń tì í sápá ọ̀tún. Bó bá ti yà, ẹnu ọ̀pá méjèèjì, ìyẹn irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, yóò tẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn wọn yóò sì gbé sókè, ilé kàtíríìjì méjì yóò lajú sí yín. Ohun tó ń di ọ̀pá náà mú nígbà tí ìbọn wà ní pípadé ni ìdábùú irin kan tó ń rọ́ wọ inú ihò tó wà lára èékánná irin lábẹ́ ọ̀pá. James Purdey ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irúfẹ́ ìdábùú tó ń wọ ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 1863, títí di òní lọ́pọ̀ ìbọn ẹlẹ́nu méjì ṣì ń lò ó.

Bí ẹ bá pa á dé padà, ẹ wo ibi tí irin ìṣí yẹn dúró sí. Lára ìbọn tí kò tíì gbó, ó máa ń dúró sápá ọ̀tún díẹ̀, kò ní dé àárín gan-an. Bó ṣe ń gbó ni yóò máa sún sápá òsì. Bó bá ti kọjá àárín lọ sápá òsì, ìdábùú inú ti jẹ, ó sì yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ wò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín in sí mẹ́ta

Igi iwájú tó wà lábẹ́ ọ̀pá, ọ̀pá fúnra rẹ̀, àti ìdí tí a ń gbé sí èjìká. Igi iwájú ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ: irúfẹ́ kan ní bọ́tìnnì kékeré lórí, irúfẹ́ mìíràn ní irin tí a ń fà sílẹ̀ lábẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìbọn, kí ẹ gbé ọ̀pá kúrò lórí ìkọ́ tó ń yí lé. Kò gbọdọ̀ gba agbára. Bó bá gbà, ìpẹtà wà níbẹ̀, ẹ má fi òòlù lù ú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbọ́ ohùn ọ̀pá

Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi ìka kan gbé ọ̀pá méjèèjì rọ̀ láti ara èékánná irin tó wà lábẹ́ wọn, kí wọ́n máa mì lófuurufú, kí ohunkóhun má kàn wọ́n. Ẹ wá fi èékánná ọwọ́ kejì ta wọ́n pẹ́ẹ́. Ọ̀pá tó pé yóò dún bí agogo, ohùn rẹ̀ yóò fà gùn kó tó kú. Bó bá dún kọ́, bí igbá tó ti sán, ohun kan ti ṣí níbì kan.

Ohun tó ṣí náà ni irin àárín. Ọ̀pá méjèèjì kò kàn fara ti ara wọn lásán. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè láàárín wọn, òmíràn wà nísàlẹ̀, òjé yíyọ́ ni wọ́n sì fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn wọ̀nyí. Bí àlẹ̀mọ́ náà bá já, omi òjò yóò máa wọlé, ìpẹtà yóò máa jẹ ọ̀pá láti ibi tí ojú kò tó. Ọ̀rẹ́ mi kan rí irú ojú ṣíṣí yìí lára tirẹ̀, ó gbé e tọ wẹ́dà lọ. Iná wẹ́dà lágbára ju òjé lọ fíìfíì. Ibi kan tí wọ́n fẹ́ dí, ibi mẹ́ta mìíràn ló yọ́, nígbà tí ìbọn sì fi padà dé, ọ̀pá ọ̀tún ń wo Àkúrẹ́, ọ̀pá òsì ń wo Oǹdó. Kò ṣe é lò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá wo ọ̀pá méjèèjì dáadáa, ẹ ó rí i pé wọn kò lọ bọrọgidi bí ojú irin rélùwéè. Wọ́n ń tẹ̀ síra wọn díẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ síwájú. Ọ̀pá ọ̀tún wà lápá ọ̀tún àárín ìbọn, nítorí náà bó bá yìn, ìtapadà rẹ̀ a máa yí ẹnu ìbọn sápá ọ̀tún. Ti òsì a máa yí i sápá òsì. Ẹni tó ṣe é ti ro èyí mọ́ ọn, ó tẹ̀ wọ́n síra kí ọta méjèèjì lè bọ́ sí ojú kan náà ní nǹkan bí mítà 36. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gba sùúrù gan-an ni. Ìdí tí mo fi ń bẹ yín nìyẹn pé iná wẹ́dà kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀.

Lẹ́yìn ohùn, ó kan ojú. Ẹ gbé ọ̀pá sókè sí ojú ọ̀run tó mọ́ (kì í ṣe sí oòrùn), kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà láti ẹnu. Ẹ ó rí òbìrìkítí ìmọ́lẹ̀ tó tò tẹ̀lé ara wọn bí òrùka. Bí òrùka kan bá tẹ̀ wọnú, ọ̀pá ti gbá nǹkan níta, ó ti dẹ́ǹtì. Bí òjìji dúdú bá yí ibì kan po bí ọ̀já, ó ti wú níbẹ̀, bóyá nítorí pé ẹrẹ̀ tàbí nǹkan mìíràn dí i nígbà tí ẹnì kan yìn ín. Ìbọn tó ti wú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Àwọn ihò ṣẹ́ṣẹ̀ṣẹ́ bí ojú ilé-ṣànpọ̀nná sì ni ìpẹtà. Díẹ̀ nítòsí ẹnu kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n nítòsí ilé kàtíríìjì, níbi tí agbára ẹ̀tù ti pọ̀ jù, ó léwu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ọ̀pá

Ẹ yí ọ̀pá dojú bolẹ̀. Lábẹ́ ilé kàtíríìjì ni òǹtẹ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wọn kì í jẹ́ kí ìbọn jáde láìjẹ́ pé ilé ìdánwò ti yìn ín pẹ̀lú ẹ̀tù tó ju ti kàtíríìjì lásán lọ. Bí kò bá fọ́, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ilé ìdánwò ti Birmingham ti wà láti ọdún 1813. Ti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní lẹ́tà ELG nínú òbìrìkítí tó rí bí ẹyin, òun ló wà lára ìbọn bàbá mi. Eibar wà ní Spéènì, Saint-Étienne wà ní ilẹ̀ Faransé. Bí ẹ kò bá rí òǹtẹ̀ kankan lára ìbọn tí ẹnì kan ń pè ní ti òyìnbó, ẹ má yìn ín.

Ẹ tún wo àwọ̀ irin náà. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ra káàkiri ọ̀pá, tó dà bí ara òjòlá, ọ̀pá àtijọ́ nìyẹn, tí wọ́n fi irin àti irin líle lọ́ pọ̀ ṣe. Ó rẹwà púpọ̀. Ẹ̀tù dúdú tó ń rú èéfín ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe kàtíríìjì tí à ń rà lóde òní. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, kí àwọn ọmọ máa wò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nọ́ńbà ìbọn àti nọ́ńbà kàtíríìjì

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìbọn ti ń fọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Nọ́ńbà 12, 16 àti 20 ń sọ bí ihò ọ̀pá ti fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Ìṣirò àtijọ́ ni: bí a bá yọ́ òjé ìwọ̀n pọ́ùn kan, tí a pín in sí ọta roboto 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn yóò ṣe déédéé inú ọ̀pá nọ́ńbà 12. Bí a bá pín in sí 20, ọta kọ̀ọ̀kan yóò kéré. Ihò nọ́ńbà 12 jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 18.5, ti nọ́ńbà 20 jẹ́ nǹkan bí 15.6.

Ewu tó wà níbẹ̀ rèé. Kàtíríìjì nọ́ńbà 20 kò lè dúró sí ilé kàtíríìjì nọ́ńbà 12. Yóò yọ̀ kọjá síwájú, yóò há sínú ọ̀pá níbi tí ojú kò ti ní rí i. Ọdẹ á fa tírígà, kò ní dún. Á ṣí i, á rò pé òun gbàgbé láti ki í ni, á tún ti kàtíríìjì nọ́ńbà 12 sí i lẹ́yìn. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀kejì, méjèèjì yóò bú papọ̀, ọwọ́ òsì tó di ọ̀pá mú ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe kàtíríìjì fi ń fi àwọ̀ ìyeyè sí nọ́ńbà 20. Nínú àpò ọdẹ mi, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń wọ ibẹ̀. Bí àlejò bá bá mi lọ sígbó pẹ̀lú nọ́ńbà 20, a kì í pín kàtíríìjì, a kì í sì í kó o sí ibì kan náà. Bí ìbọn bá sì kọ̀ tí kò dún, ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ tó ṣófo, kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì wo inú ọ̀pá títí dé òpin kí ẹ tó ki òmíràn.

Gígùn ilé kàtíríìjì náà wà lára òǹtẹ̀: 65, 70 tàbí 76 ní mìlímítà. Ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ jẹ́ 65. Kàtíríìjì 70 yóò wọ inú rẹ̀ láìṣe wàhálà, ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Gígùn tí wọ́n kọ sára páálí ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí. Bó bá ṣí nínú ilé tó kúrú, ẹnu rẹ̀ yóò há mọ́ ọ̀nà, agbára inú ọ̀pá yóò sì ga kọjá ohun tí wọ́n dán an wò fún. Kàtíríìjì tó kúrú nínú ilé tó gùn kò léwu. Èyí tó gùn nínú ilé tó kúrú ni kí ẹ sá fún.

Kàtíríìjì àlòkù tí wọ́n tún rọ ẹ̀tù sí lẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́? N kò rà á. Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè fi òkúta tàbí irin ṣe ọta rẹ̀, tí yóò sì máa ha inú ọ̀pá títí yóò fi bà á jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹnu méjì, iṣẹ́ méjì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹnu méjì wà kí a lè yìn ín lẹ́ẹ̀mejì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu méjèèjì kò rí bákan náà. Ní ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ tó kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀pá, wọ́n fún ihò náà díẹ̀. Èyí ni à ń pè ní ṣóòkù. Bó bá fún, ọta yóò sún mọ́ra, yóò sì lè pa ẹran lókèèrè. Bí kò bá fún, ọta yóò tètè tàn ká, yóò dára fún ìtòsí. Lára ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ọ̀pá ọ̀tún ló sábà máa ń ṣí, ti òsì ló máa ń fún.

Ẹ fojú inú wo ọ̀yà. Ẹ ń rìn ní etí oko ẹ̀gẹ́, ó fò jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ yìn, ó ṣì wà nítòsí, ọta gbọ́dọ̀ tàn. Bó bá yè é, ó ti sá jìnnà nígbà kejì, ọta gbọ́dọ̀ ṣù. Tírígà iwájú ń yin ọ̀pá ọ̀tún, ti ẹ̀yìn ń yin ọ̀pá òsì, nítorí náà ìka kan yíyọ̀ sẹ́yìn ti yí ìbọn yín padà di òmíràn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni ẹ ti kọ́kọ́ rí etu, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti tírígà ẹ̀yìn. Ìbọn tuntun tó ní tírígà kan kò lè fún yín ní irú àǹfààní láti yàn bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. N kò ní fi tírígà méjì mi ṣe pàṣípààrọ̀ láéláé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ṣóòkù tiyín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á gbọ́. Ẹ ya bébà àpò sìmẹ́ńtì òfìfo mẹ́rin, kí ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ fa òbìrìkítí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 76 sí àárín, kí ẹ sì ṣe irú rẹ̀ méjì. Ẹ gbé e dúró síwájú òkìtì erùpẹ̀ gíga, kí ẹ ka mítà 36. Ẹ yin ọ̀tún sí ọ̀kan, òsì sí òmíràn, pẹ̀lú kàtíríìjì kan náà, kí ẹ ka ihò. Ọ̀pá tó fún pátápátá yóò kó nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọta sínú òbìrìkítí. Èyí tó fún dé ìdajì yóò kó 60. Èyí tó fún díẹ̀ yóò kó 50. Ọ̀pá tí kò fún rárá, 40. Ẹ má gbé e síwájú àpáta láéláé. Àpáta pọ̀ lágbègbè Ìdànrè, ọta tó bá bà á yóò padà wá bá ẹni tó yìn ín.

Ìbọn kan wà tí mo dán wò bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá méjèèjì kó iye kan náà, díẹ̀ péré. Mo wọn gígùn rẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56. Gígùn tó wọ́pọ̀ jẹ́ 66 sí 76. Ẹnì kan ti fi ayùn gé e kúrú kí ó lè rọrùn láti gbé, ó sì ti gé ṣóòkù jù nù pẹ̀lú rẹ̀. Ohun mìíràn tó ń fi èyí hàn ni pé àlàfo máa ń yọ láàárín ọ̀pá méjèèjì lẹ́nu, nítorí pé níbi tí wọ́n ti gé e, wọn kò tíì sún mọ́ra tán.

Ní ti ọta: bí nọ́ńbà bá kéré ni ọta tóbi. Nọ́ńbà 6 tó fún àparò àti awó, nọ́ńbà 4 tàbí BB (ọta tó tóbi ju nọ́ńbà 4 lọ) fún ọ̀yà àti etu, SG (èyí tó tún tóbi ju BB lọ) fún àgbọ̀nrín. Mítà 35 ni òpin fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹran yóò gbé ọgbẹ́ lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, inú mi kì í sì í dùn sí i. Ààkà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa lọ, òfin dáàbò bò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: òòlù, tírígà, sẹ́fùtì

Ìbọn tó dàgbà jù ní òòlù méjì níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tí a ń fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn. Ọlá rẹ̀ ni pé ojú ń rí i bóyá ó ti múra tàbí kò tíì múra. Àléébù rẹ̀ ni ìtàkùn: nínú igbó tó dí, ìtàkùn lè fa òòlù sẹ́yìn díẹ̀ kó sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1875 ni Anson àti Deeley, ní ilé iṣẹ́ Westley Richards ní Birmingham, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n fi kó òòlù sínú. Bí ẹ bá ṣí ìbọn, ọ̀pá tó ń tẹ̀ sílẹ̀ ló ń fa òòlù inú sẹ́yìn, ẹ ó sì gbọ́ kẹ́, kẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìró méjì, apá kan kò múra. Ẹ rántí pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ló tún ti múra. Kí ẹ má sì máa fa tírígà lórí ilé òfìfo. Ẹ fi kàtíríìjì tí wọ́n ti yìn sínú rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìka, àìṣe bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ inú lè kán.

Sẹ́fùtì wà lórí ọrùn, lẹ́yìn irin ìṣí. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn, ó máa ń padà sí ipò ìdáàbòbò fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí i. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ọdẹ ni pé, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn wọ̀nyí, tírígà nìkan ló dì mú. Òòlù inú ṣì wà ní fífà. Bí ìbọn bá ṣubú lulẹ̀ gbàgà, ó lè dún síbẹ̀. Ẹ má fọkàn tán sẹ́fùtì bí ẹ ṣe fọkàn tán ìbọn tó wà ní ṣíṣí.

Ní ti kàtíríìjì tí a ti yìn, irúfẹ́ kan ń gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ fọwọ́ fà á, irúfẹ́ kejì ń ta á dànù lẹ́yìn fúnra rẹ̀. Èkejì ló wọ́n jù lọ́jà. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́ fún igbó wa. Kì í pariwo lóru, páálí kì í sọnù sínú koríko, ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ sì kéré.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìdí àti ara yín

Ẹ yan ibì kan lára ògiri. Ẹ dijú, ẹ gbé ìbọn òfìfo sí èjìká kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan igi, ẹ wá lajú. Bí ẹ bá rí irin àárín tó lọ tààrà, tí ìlẹ̀kẹ̀ idẹ iwájú sì jókòó sórí rẹ̀, ìdí náà bá yín mu. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn irin ìṣí nìkan lẹ rí, igi ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé irin náà ga sókè bí òkè, igi ti ga jù. Ìdí tó gùn jù yóò há mọ́ aṣọ lábíyá. Èyí tó kúrú jù, àtàǹpàkò yín yóò gbá yín nímú. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè gé ìdí tó gùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gé e díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tó tọ́ gbọọrọ, tí kò ní ìkọ́ nísàlẹ̀, wà fún tírígà méjì: ọwọ́ lè yọ̀ sẹ́yìn láti ọ̀kan dé èkejì. Igi iwájú tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe ibi tí a ń dì mú. Ọ̀pá gan-an ni ọwọ́ òsì ń dì, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbóná bí ẹ bá yìn léraléra.

Ẹ tò ó padà. Kí ẹ tó fi igi iwájú sí i, ẹ pa ìbọn dé, ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń ró gbì-gbì, ọ̀pá ti ń mì lórí ìkọ́. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín ẹ̀yìn ọ̀pá àti ojú irin tó dojú kọ ọ́, kò yẹ kí ẹ yìn ín títí a ó fi tún un ṣe.

Lẹ́yìn ọdẹ

Òjò wa kò mọ ìbọn lójú. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé ni kí ẹ nù ún, ẹ má dúró di àárọ̀. Aṣọ gbígbẹ la fi ń kọ́kọ́ la inú ọ̀pá, lẹ́yìn náà èyí tó ní òróró ìbọn díẹ̀. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀ lórí aṣọ nígbà tí ẹ bá gbé e dúró, kí òróró má baà ṣàn wọ igi ọrùn, nítorí igi tó mu òróró yóò rọ̀, yóò sì là. Àpò awọ ni kí ẹ fi gbé e rìn, ẹ má fi pa á mọ́, ó ń fa omi. Kàtíríìjì wà ní ibòmíràn, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn.

Nígbà ọdún Ògún ní Oǹdó, tàbí níbi ìṣípà ọdẹ tó ti lọ, ìbọn a máa ró. Ṣakabùlà tí a ki ẹ̀tù nìkan sí ni iṣẹ́ yẹn tọ́ sí. Ọta nọ́ńbà 6 láti dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì lè rìn dé nǹkan bí mítà 200, SG lè kọjá 500, orí ẹnì kan ni wọ́n sì ń padà bọ̀ sí. Ti bàbá mi kì í kúrò nílé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti inú igbó lóru, kí ẹ tó la odò, kí ẹ tó fo igi tó wó dábùú ọ̀nà, kí ẹ tó dé ilé àkọ́kọ́ tí iná ń tàn níbẹ̀, ẹ dúró. Ẹ ti irin ìṣí sápá ọ̀tún, ẹ yọ méjèèjì, ẹ fi ìka kékeré kan ihò ọ̀tún, ẹ fi kan ti òsì. Ẹ wá gbé e lé apá ní ṣíṣí, kí ẹ máa lọ.